Aró tó gba ẹ̀yìn wọlé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ́sítọ́mà kan dá aṣọ mi padà. Yáàdì márùn-ún, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ ni mo fi ya gbogbo ẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Ó ká a dáadáa sínú lailọ́ọ̀nù tí mo fi gbé e fún un, ó wá kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé aṣọ yẹn rẹwà o, àmọ́ funfun ibẹ̀ ò funfun, ó dà bíi pé aró ti ràn án, ṣé mi ò lè bá òun ṣe òmíì tí funfun ẹ̀ máa mọ́ tónítóní bíi ti èyí tóun rí lórí Instagram. Ó fi fọ́tò èyí tó rí yẹn ránṣẹ́. Mo wo fọ́tò náà pẹ́ gan-an. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni.

Mi ò bínú sí i. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, mo sì dá owó ẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, bí mo bá ń ro láfún mo ń rò ó, bí mo bá ń sá aṣọ mo ń rò ó, torí ohun tó pè ní àbùkù yẹn gan-an ni mo fi ń dá ẹlẹ́kọ tí wọ́n fọwọ́ ṣe mọ̀. Mo ti wá rí i pé tí ẹnì kan bá jí mi lóru tó bi mí pé kí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọnà jẹun, inú búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Àdìrẹ oníko, ìko la fi ń so ó. Alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ àti òwú la fi ń ká a mọ́ra. Ẹlẹ́kọ ni tèmi. Láfún la máa ń rò bí ẹ̀kọ, a ó fi alọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, a ó sẹ́ ẹ kó má bàa ní kókó, a ó jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà ló wá kan ìyẹ́ adìẹ. Àwọn ará Abẹ́òkúta, páànù ni wọ́n máa ń gé ní tiwọn, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra orí ẹ̀, iṣẹ́ á yá, á sì dọ́gba. Ní Ìbàdàn níbí, ìyẹ́ la fi ń yà á, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, ẹ̀yìn á máa dun ni. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè mú ibẹ̀ bó ṣe fẹ́. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ojú aṣọ nìkan la ń fi ẹ̀kọ sí. Ẹ̀yìn ẹ̀ wà ní ṣíṣí. Tá a bá wá rẹ ẹ́ sínú aró, aró á gba ẹ̀yìn wọlé, díẹ̀díẹ̀, á máa wọ inú òwú bọ̀ láti abẹ́, tá a bá máa fi ha ẹ̀kọ kúrò lójú ẹ̀, ibi tá a rò pé ó máa funfun ti di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bíi àwọ̀ aṣọ funfun tí ìyá ẹni fi búlúù ṣan lọ́jọ́ Sátidé. Bí aṣọ bá ṣe pẹ́ tó lára ìkòkò náà ni búlúù yẹn máa ń jìn tó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé bó ṣe máa rí gẹ́lẹ́ nìyí.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo ti kọ́ ọ, nínú ọgbà ilé wa ní Òkè-Àrẹ̀mọ. Mùsùlùmí ni Ìyá Àgbà, ó ń kírun ìgbà márààrún, àmọ́ kò ní ṣí ìdérí ìkòkò aró láìkí Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, á wá fi àdúrà tẹ̀ ẹ́ pé agbe ló laró, agbe kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, àlùkò kì í ráhùn osùn, kí òun náà má ráhùn ohun tóun ń wá. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tá ò fi ẹ̀kọ sí ẹ̀yìn aṣọ náà, ṣebí ó máa funfun dáadáa. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń yàwòrán. Ó ní, "Tó o bá dí i níwájú, tó o tún dí i lẹ́yìn, ibo laṣọ fẹ́ gbà mí?"

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tó sọ.

Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó pè mí pé àwọn fẹ́ aṣọ mẹ́rìnlélógún, ìró ìró, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ jọra, funfun ẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun. Owó tí wọ́n dá lé e, mi ò tíì gba irú ẹ̀ rí láyé mi. Ilé tí mo ń gbé, owó ẹ̀ ti fẹ́ pé, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, mo ní kí ni mò ń rò. Mo gba iṣẹ́ náà. Mo fi ẹ̀kọ dí ojú, mo yí i padà, mo tún gbé e sókè sí oòrùn kí n lè rí ìlà, mo fi ẹ̀kọ dí ẹ̀yìn náà. Aró òyìnbó ni mo lò kó lè tètè mú. Oṣù méjì àtààbọ̀. Funfun yẹn funfun lóòótọ́ o! Àwọn tó rí i ń yìn mí, mo ya fọ́tò ẹ̀ sórí Instagram, mi ò rí iṣẹ́ tèmi kankan tó gba láìkì tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ mo máa ń dúró síwájú àwọn aṣọ yẹn lórí okùn lálẹ́, mi ò ní mọ ohun tí mò ń wò. Wọ́n mọ́ kedere, wọ́n le, wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n wọ aṣọ fún láti lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nídìí ọ̀kan nínú wọn. Mò ń ya ẹyẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi kígbe nínú ilé, ó ti já bọ́ látorí àga, mo ju ìyẹ́ sílẹ̀ mo sáré wọlé, ètè ẹ̀ ti bẹ́, mo gbé e mọ́ra títí ó fi sùn. Nígbà tí mo fi padà dé, ẹ̀kọ orí ìyẹ́ ti gbẹ, mo mú òmíì, mo bẹ̀rẹ̀ ní igun tó kàn, mo gbàgbé pé ẹyẹ yẹn ò tíì ní ẹsẹ̀ kejì. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ìgbà tí mo ti rẹ ẹ́ tán ni mo tó rí i.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ ra aṣọ funfun ní ọjà Gbági, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí dìsáìnì mi. Rọ́ọ̀lù rọ́ọ̀lù ni wọ́n to ó síta, aṣọ ẹ̀rọ, owó yáàdì ẹ̀ ò tó owó tí mo fi ń ra alọ́ọ̀mù. Mo fà á sílẹ̀ mo wò ó. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan o, gbogbo ẹyẹ tó wà lórí ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ rọ́ọ̀lù dé òpin ẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ibì kan náà ni ẹsẹ̀ ti gé lára gbogbo wọn. Ìyá tó ń tà á ò mọ nǹkan kan, ó ní kí n mú u, ó ń lọ gan-an. Orí ìdúró ni mo ti sunkún.

Wọ́n jí iṣẹ́ mi, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn, ó sì ń dùn mí títí di òní. Mo kọ lẹ́tà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àmọ́ ohun tó gbé mi lọ́kàn jù nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé nínú gbogbo ohun tó wà lórí aṣọ yẹn, ẹsẹ̀ tí ò sí yẹn nìkan ni mo fi mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Gbogbo ìyókù, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Mo ti dí ojú mo dí ẹ̀yìn, ibi kan ṣoṣo tí ayé mi ráyè gbà wọlé ni igbe ọmọ mi.

Àtìgbà yẹn ni mi ò ti fi ẹ̀kọ sí ẹ̀yìn aṣọ mọ́.

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àwọn kan á ti máa rò pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ojúlówó àti ayédèrú, pé ti ìyá wa àtijọ́ ló dáa, ti òde òní ò dáa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ìyá wa gan-an ò dí ẹ̀yìn mọ́ nǹkan tuntun. Ẹ lọ wo ìtàn Abẹ́òkúta nínú àwọn ọdún 1930. Àwọn obìnrin aláró ti ń fi kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó ṣiṣẹ́ kó lè yá, Aláké fòfin dè é, wọ́n ní ó ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́, àwọn obìnrin yẹn ò gbà, wọ́n jà á débi pé lọ́dún 1936 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àdìrẹ. Àwọn tó ni iṣẹ́ nìyẹn, tó ń fọwọ́ ara wọn rẹ ẹ́. Èmi náà máa ń lo aró òyìnbó nígbà tí ewé ẹlú bá wọ́n, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí.

Ẹ tún wo àwọn àwòrán tá à ń pè ní ti àtayébáyé. Jùbílì, orí ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba ẹ̀ ni, ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n tó gorí ìtẹ́, 1935. Obìnrin tí ò mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ló jókòó tó fi láfún yà á. Ìbàdàndùn tí mo fẹ́ràn jù láyé, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ló wà nínú ẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó, ilé ìjọba ni nígbà yẹn, ilé òyìnbó lórí òkè, ìyá kan sì wò ó láti ìsàlẹ̀ ó ní òun máa fi sí aṣọ. Ẹ wá wo ohun tó wà láàárín òpó kan àti ìkejì. Ṣíbí! Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Mo ti ya Ìbàdàndùn ju bí mo ṣe lè kà lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí ṣíbí yẹn, mo máa ń ro ẹni tó kọ́kọ́ yà á, bóyá ọbẹ̀ wà lórí iná, bóyá ọmọ ń bi í pé oúnjẹ ńkọ́. Ilé ìdáná ẹ̀ gba ẹ̀yìn wọ ilé ìjọba. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó tó bó ṣe ń ṣe mí.

Susanne Wenger náà, ọmọ Austria tó dé sí Nàìjíríà lọ́dún 1950, ó mú láfún kan náà tí àwọn ìyá wa ń rò, ó fi ya ìtàn àwọn òrìṣà sórí aṣọ tó fẹ̀ bí ògiri, Ọ̀ṣogbo ló wà títí ó fi kú lọ́dún 2009. Mama Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá ẹ̀ tó ń hun aṣọ tó sì ń rẹ aró ló ti kọ́ ọ, kó tó di pé ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀ṣogbo lọ́dún 1983 fún àwọn ọ̀dọ́. Tí mo bá ń ka ìtàn irú àwọn báyìí, ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ni mo máa ń wá. Ó máa ń wà níbẹ̀.

Nínú ọgbà Ìyá Àgbà, ẹni tó ń ya ẹ̀kọ kọ́ ló ń rẹ aró. Ìyá kan ni aláró wa, ọwọ́ ẹ̀ dúdú láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, búlúù tó fẹ́ẹ̀ dúdú, bó bá gbé ọmọ pọ̀n ọwọ́ ẹ̀ á hàn lára ọmọ. Òun ló ń gún ewé ẹlú, tó ń ṣù ú, tó ń sá a, òun ló ń sun èèpo kòkó fún eérú tó ń sẹ́ omi ẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìkòkò tó ṣe tán, ó máa ń fi imú mọ̀ ọ́n, á ki ìka bọ̀ ọ́ á tọ́ ọ wò. Òórùn yẹn, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á di imú, àmọ́ tó bá kàn mí lónìí, ara mi á balẹ̀. Tí ẹnì kan bá ra aṣọ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ta ló ṣe é? Wọn ò bi ara wọn. Èmi tí wọ́n ń kọ orúkọ mi sí ògiri nígbà tí a bá ṣe ẹ̀gbíṣọ̀n, wọ́n máa ń fi mí síwájú kámẹ́rà ní èmi nìkan, mo máa ń ní kí wọ́n ya ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ náà, wọ́n á ní àwọn á yà á tó bá yá.

Lọ́dún 2019, ìyá mi ṣàìsàn. Mi ò mú ìyẹ́ dání fún oṣù mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé máa pósítì lójoojúmọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ, ẹni tó bá dúró ti di ẹni àná. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó ti parí. Ohun tí mò ń ṣe nígbà yẹn ni kí n wẹ ìyá mi, kí n fọ aṣọ ẹ̀, kí n sá a. Ìró kan wà nínú aṣọ ẹ̀, Ìbàdàndùn tí Ìyá Àgbà ṣe fún un, ó ti gbó, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ níbi méjì, mo máa ń fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ kó má ya. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sá a, mo fi ẹ̀yìn ẹ̀ síta torí oòrùn, mo wá rí nǹkan tí mi ò rí rí láti kékeré. Létí igun kan, lójú aṣọ, àpá kan wà, ó rí roboto, ó fẹ́ẹ́rẹ́ ju búlúù yòókù lọ. Mo sún mọ́ ọn. Àtàǹpàkò ni. Ìyá Àgbà ti fi àtàǹpàkò tó ní ẹ̀kọ tẹ aṣọ yẹn mọ́lẹ̀, bóyá nígbà tó fẹ́ dìde, aró sì ti gba ẹ̀yìn wá yí i ká, ìlà ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi àtàǹpàkò tèmi lé e. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá mi fi pè mí látinú yàrá pé ṣé òjò ti ń bọ̀ ni.

Ìyá mi kú lóṣù Kọkànlá. Nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi ti yàtọ̀. Ìlà mi ò yára mọ́, àyè wà láàárín nǹkan kan àti èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yín ti ń mí." Mi ò sọ ti Ìyá Àgbà fún un rí. Oṣù mẹ́wàá tí mo pè ní òfò yẹn, ó wà lára gbogbo aṣọ tí mo ti ṣe látìgbà náà, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò.

Owó ṣe pàtàkì o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Tí mi ò bá tà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ò ní jẹun, alọ́ọ̀mù ò dúró, aṣọ funfun ò dúró, bí wọ́n ṣe ń gbówó lé e ò tún ṣeé sọ mọ́. Mo máa ń gba ọ́dà, mo máa ń bá déètì lọ. Ohun tí mi ò gbà mọ́ ni ọ́dà tó bá ní kí n dí ẹ̀yìn. Mo ti pàdánù iṣẹ́ mẹ́ta nítorí ẹ̀ lọ́dún yìí, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ló ṣìkẹrin, ó dùn mí níbi tó yẹ kó dùn mí, àmọ́ oorun mi ò dínkù.

Èyí tó dá padà yẹn, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ya igun tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọwọ́ ẹ̀ tutù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí mo fún un ní aṣọ tuntun kó fi ya Ìbàdàndùn tiẹ̀, odindi, kò tíì ṣe é rí. Lánàá mo lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, ó ti yà á tán, ó ti sá a, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Mo wò ó láti òkè wá. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, nígbà tó dé ìlà kẹta, òpó, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó yà á dáadáa, pẹ̀lú ìbòrí ẹ̀ àti táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dírẹ́bà wà nínú ẹ̀ tí ò ní ojú. Bàbá ẹ̀ ló ń wa Márúwá, láti Bẹẹrẹ sí Màpó.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ma. Mo lè ha á kúrò."

Àṣírí ibẹ̀ ni pé ẹnu mi ti fẹ́ là láti sọ fún un pé kó ha á. Mo ní kó gbé e, ká jọ lọ sídìí ìkòkò.

Ìgbà mẹ́fà la rẹ ẹ́. Tá a bá ti fà á jáde, á kọ́kọ́ dà bí ewé, àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, búlúù á bẹ̀rẹ̀ látetí, á máa rìn bọ̀ láàárín, ọmọ náà máa ń dá èémí dúró nígbà gbogbo tó bá ti rí i, èmi náà sì ń dá a dúró lẹ́yìn ọdún gbogbo yìí. Aṣọ yẹn wà lórí okùn báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀kọ ṣì wà lára ẹ̀, ó ti ń sán. Ọ̀la la máa ha á. A ò tíì mọ irú búlúù tí Márúwá yẹn máa jẹ́.